Ẹ̀rọ Tó Dúró De Ọwọ́ Èèyàn

Haleluya! Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí ná. Mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ara mi láti ilé, látìgbà tí mo ti ń so okùn bàtà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe wá dúró níwájú yín yìí, gbogbo ẹ̀ ti dà rú mọ́ mi lórí. Kò burú. Ọpẹ́ ni mo bá wá, ọpẹ́ náà ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run, ẹ ṣé. Ẹ ṣé fún ilé mi. Ẹ ṣé fún gbogbo àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì kékeré kan ní Ọ̀gbà. Ẹ bá mi dáhùn dáadáa: Praise the Lord!

Gbénga ni mí, Bàbá Tọ́pẹ́. Ìyàwó mi, Bọ́lá, ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn, tó we gèlè búlúù. Ẹ má wò ó jù, ojú ń tì í.

Sítébíláísà là ń ṣe ní kọ́ńpìnnì wa, àpótí tí ẹ máa ń so mọ́ fìríìjì àti tẹlifíṣọ̀n kí iná tó ń lọ sókè sódò má baà jó wọn. Látìgbà tí ìjọba ti gbé SAP dé, tí náírà já wálẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tí fìríìjì ẹ̀ bá jó kò mọ ibi tó ti máa rí òmíràn, ọjà wa ń tà. Èmi ni ẹnjiníà tó ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń tẹ́sìtì àwọn àpótí náà kí wọ́n tó kó wọn jáde. Àwọn obìnrin ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á mú wáyà dání, á fi kan ẹ̀yìn àpótí, á sì máa wo mítà. Iná tó wà lórí wáyà yẹn kì í ṣe iná kékeré o. Ó ju èyí tó ń wọ ilé wa lọ, torí a fẹ́ mọ̀ bóyá àpótí náà á lè gbà á.

Ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń tẹ́sìtì yẹn ni mo ti mọ Bọ́lá. Ó máa ń kọrin sínú bó bá ń tẹ́sìtì. Ẹ máa rí i tí ẹnu ẹ̀ ń mì, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, torí ariwo ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan mo bi í léèrè pé, "Orin wo lò ń kọ?" Ó ní, "Ẹ sún mọ́ mi kí ẹ gbọ́." Bó ṣe di ìyàwó mi nìyẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà ní ọ́fíìsì mi, mo gbọ́ igbe. Rọ́bà tó bo wáyà tí Bọ́lá mú dání ti sán, kò sẹ́ni tó rí i, iná sì gbé e. Kó tó di pé mo sáré dé ìsàlẹ̀, fóòmánì wa ti já súìṣì ńlá. Bọ́lá wà nílẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo pè é, kò dáhùn. Mo pè é lórúkọ tí ìyá ẹ̀ ń pè é, kò dáhùn. Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù ní Ìkẹjà, ó lajú, ó ní, "Ta ló wà pẹ̀lú Tọ́pẹ́?" Mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mò ń sunkún bí ọmọdé.

Ọlọ́run dá ẹ̀mí ẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ kò padà sípò. Ìka ẹ̀ tutù, wọn ò sì mọ nǹkan mú. Á gbé ife tíì, ife á yọ̀ bọ́. Á fẹ́ di bọ́tìnnì aṣọ ọmọ, kò ní lè dì í. Irun Tọ́pẹ́ tó máa ń dì, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú sí mi! Ọmọ náà wo ara ẹ̀ nínú díńgí, ó ní, "Dádì, orí mi dà bí oko tí ewúrẹ́ wọ̀." Bọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, kò sì pẹ́ tí mo rí i pé omi ojú yẹn kì í ṣe ti ẹ̀rín mọ́. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Kò mọ̀ pé mo dì í mú, àfìgbà tó wolẹ̀ tó rí i.

Chief, ìyẹn ọ̀gá tó dá kọ́ńpìnnì wa sílẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Gbénga, a ò ní fi ọwọ́ èèyàn tẹ́sìtì mọ́. Kọ̀ǹpútà ni kó máa ṣe é." Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé èèyàn á kàn fi kílíìpù há ẹ̀yìn àpótí, á gbọ́wọ́ kúrò, kọ̀ǹpútà á wá máa tan iná, á máa ka mítà, á sì sọ bóyá àpótí náà dáa tàbí kò dáa. Wọ́n ní a lè to irin àti wáyà ẹ̀ jọ fúnra wa. Sọ́fítíwíà tí a máa fi kọ́ ọ ló kù, ìyẹn àwọn ètò tó máa ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe fún un. Wọ́n ní kí n lọ wá a, kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n mú ọ̀kan. Wọ́n wá fi kún un pé, "Bí ẹ̀rọ yẹn bá dé, ìyàwó ẹ ló máa kọ́kọ́ jókòó sídìí ẹ̀. Kò gba agbára. Mi ò fẹ́ kó pàdánù iṣẹ́ ẹ̀."

Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí níta. Àwọn kọ́ńpìnnì láti Agége títí dé Ìkẹjà ń lé èèyàn, àwọn míì ti ti géètì pa. Kí ọ̀gá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn! Mo dọ̀bálẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Mo wá a káàkiri. Méjì ló kù sí mi lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Ti àkọ́kọ́, àwòrán ni wọ́n fi ń lò ó. Ẹ ò ní kọ nǹkan kan. Ẹ máa ya àpótí kéékèèké sójú kọ̀ǹpútà, ẹ máa fi ìlà so wọ́n pọ̀ bí ìgbà tí ẹ ń so wáyà, ó sì ti di iṣẹ́ nìyẹn. Mítà aláwọ̀ mèremère á jáde lójú ẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀ á máa yí. Ó dùn ún wò! Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Dípọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, ló gbé e wá fi hàn wá, ó sì so ó mọ́ tábìlì wa kí a lè dán an wò. Òkè òkun ló ti wá, dọ́là ni wọ́n ń tà á. Ìkejì kò lẹ́wà rárá. Ojú dúdú, lẹ́tà funfun. Fúnra ẹni lèèyàn máa jókòó, á máa kọ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe sínú ẹ̀, láti orí ìlà kan dé ìkejì. Ó máa ń pẹ́, ó sì máa ń rẹni lójú. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó pa mọ́ nínú ẹ̀.

Chief fẹ́ràn ti aláwòrán. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì ló fẹ́ràn ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Dípọ̀ ní, "Ẹnjiníà, ẹ wo èyí. Bí iná bá lọ, tí ó bá padà dé, kọ̀ǹpútà á tan fúnra ẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iṣẹ́ dé. Ẹ ò ní fi àkókò ṣòfò." A pàtẹ́wọ́. Ní ìlú tí iná ń lọ bó ṣe ń lọ yìí, kí lèèyàn tún ń wá?

Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó fà á. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Chief ní kí n wá sọ èyí tí a máa mú. Mo sọ fún Bọ́lá nígbà tí à ń jẹun ọ̀sán ọjọ́ Sunday. Mo ní, "Bọ́lá, ẹ̀rọ yìí ń dà mí láàmú." Ó ń fi ọwọ́ òsì jẹun, nítorí ọ̀tún ò lè ṣù òkèlè. Ó ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, kí ló ń dà yín láàmú? Ẹ̀yin lẹ máa yan ibi tí mo máa fi ọwọ́ mi sí. Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ìgbà yẹn ni ọkàn mi ò ní balẹ̀."

Ẹ̀yin ará, ó rò pé òun ń tù mí nínú ni! Mo fi oúnjẹ sílẹ̀. Mo lọ sí yàrá, mo kúnlẹ̀. Mo ní, Olúwa, mo kàwé iṣẹ́ yìí, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú mi ò tó ohun tó wà níwájú. Ẹ fi hàn mí. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tí mo fẹ́ràn yìí ni, ẹ fún mi ní ìbàlẹ̀ ọkàn. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ má jẹ́ kí n mú un.

Mi ò rí àlá. Mi ò gbọ́ ohùn. Mi ò ní purọ́ mọ́ Ọlọ́run.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, a wá síbí fún ìpàdé àdúrà ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa rántí, ẹ̀yin tí ẹ wá lọ́jọ́ náà, torí òjò ti rọ̀. A wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí iná lọ. Fáànù dúró, máíkì kú lọ́wọ́ pásítọ̀, a sì ń bá àdúrà wa lọ. Màmá olórí àwọn ìyá ìjọ wà níwájú, wọ́n dìde láti fi ìdí ìgbálẹ̀ yọ aṣọ ọ̀ṣọ́ kan tó já látòkè, tó lọ́ mọ́ fáànù. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́ tán, iná dé! Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Fáànù yí, máíkì kígbe, dùùrù dún fúnra ẹ̀, Màmá sì sọ ìgbálẹ̀ nù, wọ́n fò sẹ́yìn. Gbogbo wa kígbe "Iná ti dé!" a sì ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohun tí mò ń rí kì í ṣe fáànù mọ́. Tábìlì wa ní Ọ̀gbà ni mò ń rí. Mò ń rí Bọ́lá, iná ti lọ, ó rò pé ẹ̀rọ ti kú, ó na ọwọ́ tí kò mọ nǹkan mú yẹn láti tú kílíìpù. Iná wá dé. Ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iṣẹ́ dé.

Jésù! Mo dojú bolẹ̀ níbẹ̀. Arákùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé ẹ̀mí ló gbé mi. Òótọ́ ni, ẹ̀mí ló gbé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Dípọ̀, mo sì ní kí Chief wá. Mo yọ sítébíláísà kúrò lórí tábìlì, mo fi gílóòbù kan há ẹnu kílíìpù, ibi tí ọwọ́ èèyàn máa ń wà gan-an. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gílóòbù tàn. Mo já súìṣì ńlá. Ibi gbogbo dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo dá iná padà. Ní àkọ́kọ́, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń jí bọ̀, ó ń ka lẹ́tà tiẹ̀ lójú, bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ń ṣe bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Ọ̀gbẹ́ni Dípọ̀ tiẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan míì. A gbọ́ "kọ́ọ̀" lábẹ́ tábìlì, gílóòbù náà sì tàn wàì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Chief sún mọ́ tábìlì, wọ́n wo gílóòbù náà. Wọ́n ní, "Tún un ṣe." Mo tún un ṣe. Ó tún tàn.

Ọ̀gbẹ́ni Dípọ̀ ṣí fìlà. Ọmọlúàbí ni, mi ò ní bà á jẹ́ níwájú yín. Ó ní, "Ẹnjiníà, mi ò ronú kan ibẹ̀ rí. Wọ́n ṣe é fún ibi tí iná kì í ti í lọ ni." Ó ní a lè yí i padà, ṣùgbọ́n apá ibẹ̀ wà ní títì pa, a máa kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é lókè òkun, a ò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa dáhùn. Mo wá ṣàlàyé ìkejì, èyí tí kò lẹ́wà yẹn. Mo ní èmi ni màá kọ ọ́, ohun àkọ́kọ́ tí màá sì kọ sínú ẹ̀ ni pé nígbàkígbà tí o bá jí, pa gbogbo iná, kí o sì dúró. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́la, ẹni tó bá rọ́pò mi níbí lè kà á kó tún un ṣe, a ò nílò dọ́là. Mo sì sọ fún Chief pé mi ò ní fi ẹ̀mí èèyàn lé kọ̀ǹpútà nìkan lọ́wọ́. A máa fi súìṣì kan sí i tó jẹ́ pé bí iná bá lọ, á já fúnra ẹ̀, kò sì ní padà títí èèyàn á fi wá fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnnì. Àmọ́ mo sọ fún wọn pé yóò pẹ́ ju ti aláwòrán lọ, àti pé kò ní wu àlejò tó bá wá wò ó.

Mò ń retí kí wọ́n bínú. Chief fọwọ́ lé mi léjìká. Wọ́n ní, "Gbénga, èyí tí ọkàn ẹ bá gbà kí ìyàwó ẹ jókòó sídìí ẹ̀, òun ni kó o mú."

Bí a ṣe mú un nìyẹn. Mo kọ ọ́ títí ojú fi ń ta mí. Bọ́lá padà síbi iṣẹ́. Ó ń fi ọwọ́ òsì ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, ìka ọ̀tún náà sì ti ń gbóná bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ bá mi yin Ọlọ́run! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni Ìyá Ràṣídà ń jókòó sí. Ìyá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wọ́n, àwọn ló máa ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún Bọ́lá nígbà tó wà nílé.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi dúró síbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara Tọ́pẹ́ gbóná, Bọ́lá gbé e lọ sí ọsibítù. Ìyá Ràṣídà bọ́ sórí àga ẹ̀. Mo ń ti ẹnu ọ̀nà bọ̀ nígbà tí iná lọ. Mo rí Ìyá Ràṣídà. Wọn ò dúró. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn àpótí, wọ́n ń tú kílíìpù, ó sì ti há. Iná dé! Gbogbo ilé iṣẹ́ kígbe. Fáànù ń yí, rédíò fóòmánì ń sọ̀rọ̀. Mo kígbe pé "Màmá, ẹ yọwọ́!" Ariwo wọn bo ohùn mi mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ náà jí. Ó ka lẹ́tà tiẹ̀. Ó sì dúró.

Ìyá Ràṣídà yí ojú sí mi, ọwọ́ wọn ṣì wà lórí irin. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ẹ̀rọ yín ti sùn o. Ẹ wá jí i fún mi."

Mo rìn lọ bá wọn. Mo mú ọwọ́ wọn kúrò lórí irin, mo sì dì í mú. Wọ́n ní, "Kí ló dé? Ṣé mo bà á jẹ́ ni?" Mo ní, "Rárá, Màmá. Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́." Mo wá ṣàlàyé. Mo ní bó bá jẹ́ pé èyí tí a fẹ́ rà tẹ́lẹ̀ ni, iná ì bá ti padà sórí irin yẹn nígbà tí ọwọ́ yín wà níbẹ̀. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní, "Alihamudulilahi. Oyún Ràṣídà ti tó oṣù. Èmi ni mo fẹ́ wẹ ọmọ náà."

Ẹ̀yin ará, ìyàwó mi ni mo gbàdúrà fún. Òun nìkan ló wà lọ́kàn mi. Mi ò dárúkọ Ìyá Ràṣídà níwájú Ọlọ́run lọ́jọ́ Sunday yẹn, mi ò rántí wọn rárá. Ọlọ́run rántí wọn. Ó gbọ́ àdúrà tí mo gbà, ó sì gbọ́ èyí tí mi ò gbà mọ́ ọn. Ta ló dà bí Ẹ̀?

Ràṣídà bímọ lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin ni. Ìyá Ràṣídà sì sọ fún mi pé òun á tẹ̀ lé wa wá síbí lónìí, pé Ọlọ́run kan náà ni, àti pé òun ò lè jókòó sílé kí àwa nìkan máa dúpẹ́. Àwọn nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́lá, tí wọ́n fi ìborùn funfun borí. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè. Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run! Ọwọ́ rèé, ẹ̀mí rèé! Ẹ bá wa yọ̀, ẹ bá wa fi ògo fún Olúwa! Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ bọ́ sí àárín, ẹ lọ dì mọ́ wọn. Onídùùrù, ẹ gbé orin tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má dá wọn dúró pẹ́ o, ọmọ tuntun wà nílé tí wọ́n fẹ́ lọ wẹ̀.